Ìpè Fóònù Tí Wọ́n Fẹ́ Tà Fún Yín Ní 300,000 Sẹ́fà

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, nílẹ̀ Benin wa níbí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Apòògùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún méjìlélógún, ń gun zémìjàn, alùpùpù akérò. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá mú un lọ́nà Ìlárá, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ àpò gàrí. Tramadol, oògùn ìrora, ló wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n kàn rán òun ni, wọ́n fún òun ní 2,000 sẹ́fà. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni páálí yẹn. Òun ló ra aṣọ fún àwa obìnrin nígbà ìbò, òun ló máa ń jókòó níwájú bí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú bá wá. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan wá bá mi lánàá, ó ní bí mo bá mú 300,000 sẹ́fà wá, ọ̀gá òun yóò tẹ fóònù ẹyọ kan, wọn yóò tú ọmọ mi sílẹ̀. Ṣé kí n ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀? Àti pé oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn ní ilé ìwòsàn, báwo ló ṣe wá di oògùn olóró? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni gbogbo rẹ̀?”

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó ń dà yín láàmú kì í ṣe ẹyọ kan: ọmọ wà ní àtìmọ́lé, ilẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹni tó ni ẹrù ń rìn fàlàlà láàárín ìlú, ẹ wá ń bi ara yín pé ṣé tálákà nìkan ni wọ́n ṣe òfin fún ni. Apòògùn ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, mẹ́fà nínú rẹ̀ ní Kétu níbẹ̀ kí n tó kó wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìwọ̀nba òfin tí mo mọ̀, iṣẹ́ mi ló fi kàn mí.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé orí owó àti òṣèlú, ìbéèrè kan wà tí ẹ yẹ̀ sílẹ̀. Ṣé òun náà ń lò ó? Ẹ má bínú. Ọmọ tó ń gun alùpùpù láti ìdájí títí di alẹ́ lójú ọ̀nà eléruku, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń na hóró kan sí i pé “gbé e mì, wà á gbàgbé”, ó ṣọ̀wọ́n kó má ti tọ́ ọ wò. Bó bá ń lò ó lójoojúmọ́, tó wá dá a dúró lójijì nínú àtìmọ́lé, kò ní í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀: òógùn, imú tó ń ṣàn, inú rírun, ara ríro bí ẹni tí wọ́n fi igi nà, àìsùn, ìfòyà. Ẹlòmíràn a máa gan bí onígìrì. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn a ní ibà ni, tàbí kí wọ́n ní ó ń díbọ́n. Ìwé òfin tó ga jù nílẹ̀ wa, èyí tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, wí ní abala 18 pé ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́wọ́ kí dókítà tó bá wù ú má yẹ̀ ẹ́ wò. Abala kan náà ló sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ àyàfi bí wọ́n bá gbé e dé iwájú aláṣẹ ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ẹ sì lọ béèrè dókítà lónìí; ìyẹn kò ná yín ní sẹ́fà kan.

Ẹ ní oògùn ilé ìwòsàn ni. Òótọ́ ni. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é fún ìrora, èmi náà ń tà á fún ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá. Hóró tí mo ń tà, mílígíráàmù 50 ni, iye tí a là sílẹ̀ pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lójúmọ́ sì jẹ́ 400. Èyí tó ń gba ọ̀nà Ìlárá wọlé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti di irú káàdì hóró bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń tà á lórí àtẹ, láàárín ọṣẹ àti màgí, fi sísọ́ọ̀sì gé hóró méjì fún oníbàárà níṣojú mi, ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì bèèrè bóyá ó fẹ́ omi tútù pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Nọ́ńbà 225, mílígíráàmù hóró kan, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá gbé hóró méjì yẹn mì láàárọ̀ ti kọjá ìwọ̀n odidi ọjọ́ kí oòrùn tó gòkè, kò sì tíì fi ṣọ̀dábì lé e. Tramadol àti ọtí líle ni èyí tí mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ń fa èémí sẹ́yìn. Ẹni náà a sùn, a máa hanrun, àwọn ará ilé a ní ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ọkùnrin kan ní Kétu bi mí nígbà kan pé kí ló wà nínú tramadol tí kò sí nínú egbò ègbèsì tí àwọn bàbá wa ń rẹ. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó di ọdún 2013 tí àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol gan-an nínú egbò ègbèsì ní àríwá Kamẹrúùnù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tọrọ àforíjì. Kò ju bí ọdún kan lọ tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n sì sọ pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé tramadol mì láti fi ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún ń fún màlúù tó ń túlẹ̀ fún wọn, pé ìtọ̀ èèyàn àti ti màlúù ló gbé e wọnú ilẹ̀ tí egbò fi fà á mu. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn náà ti kọjá ti àwọn ọmọ ìgboro.

Bó ṣe di oògùn olóró nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé, iye tó wà nínú hóró kan. Ìjọba Íńdíà, níbi tí púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró tiwọn ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní òpin 2017, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró ti kígbe pé tramadol tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní apá tiwa ní Áfíríkà ti ti ìwọ̀n kílò 300 lọ́dún lọ sí ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta láti 2013. Ní Niger, hóró mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n bá nínú páálí tí wọ́n lẹ àmì àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti ibì kan pa, àwọn oníṣòwò a yí orúkọ ẹrù padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 Íńdíà tún ní láti fòfin de títa àpòpọ̀ tapentadol (oògùn ìrora) àti carisoprodol (oògùn tó ń dẹ iṣan) sókè òkun, nítorí òun ni wọ́n ti ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà báyìí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí fún yín pé orúkọ mìíràn ló wà lára páálí ọmọ yín, pé ẹjọ́ ti tán, ẹ má gbà á gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹ bi mí bóyá òṣèlú lásán ni. Olóṣèlú kò ṣe hóró oògùn, kì í sì í sábà fọwọ́ kàn án. Ohun tó ní lọ́jà ni ìdákẹ́jẹ́. Páálí kan kò lè ti inú kọ́ńténà ní èbúté dé abẹ́ àpò gàrí lọ́nà Ìlárá láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ sí ìwé tí kò kà, ẹlòmíràn ya ilé ìkẹ́rù láìbéèrè, ẹlòmíràn sì wo apá ibòmíràn nígbà tí alùpùpù ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo wà ní Kétu, ọkùnrin méjì wọlé tọ̀ mí wá ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Ọ̀kan wọ bùbá léèsì, èkejì gbé fáìlì há abíyá. Wọn kò wá ra nǹkan. Wọ́n tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì mi: ìwé ìbéèrè ẹrù, páálí irínwó, orúkọ ilé oògùn mi lókè, àyè òǹtẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní òǹtẹ̀ nìkan ni àwọn ń wá, ẹrù náà kò ní í dé ẹnu ọ̀nà mi rárá. Wọ́n gbé àpòòwé lé ìwé náà lórí, kí afẹ́fẹ́ fáànù má baà gbé e lọ. Oní-léèsì ní, “Tàǹtí, ọ̀gá ò ní í gbàgbé yín bá a bá wọlé.” Ìbò ló ń sọ. Mo ní òǹtẹ̀ mi sọnù. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ níwájú mi, orúnkún mi kàn án bí mo ṣe ń purọ́ náà. Láàárín oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba wá yẹ ilé oògùn mi wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí wọn ní ọdún méjì ṣáájú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n bu owó ìtanràn lé mi pé fìríìjì oògùn mi gbóná. Ó gbóná lóòótọ́; iná ti lọ láti àárọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kò fa ìbọn yọ nínú ìtàn yìí. Òǹtẹ̀ ni wọ́n wá gbà. Fóònù ni wọ́n fi jẹ mí níyà. Ìpè kan náà tó lè rán ayẹ̀wéwò sí mi lẹ́ẹ̀mẹta lè dá ayẹ̀wéwò dúró níbòmíràn. Kí ló dé tí olóṣèlú fi ń ṣe é? Owó ìbò ni. Òfin ìbò ọdún 2018 gbé owó tí ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kó tó lè du ipò ní ilé aṣòfin láti bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ sẹ́fà sí mílíọ̀nù 249. Wọ́n fi ti ààrẹ sí 250, kí wọ́n tó tún dín in kù sí 50 ní ọdún 2019. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹgbẹ́ dínkù, ó sì dínkù lóòótọ́: ẹgbẹ́ méjì péré ló dé inú àpótí ìbò ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. N kò sọ pé owó oògùn ni ẹnikẹ́ni fi san án. Ọ̀rọ̀ tèmi wà nísàlẹ̀, ní ìlú bíi tiyín, níbi tí wọ́n ti ń pín aṣọ, ìrẹsì àti epo alùpùpù. Ta ló ní owó gidi lọ́wọ́, tí kò ní rísíìtì, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbò ní Kétu? Ṣé àgbẹ̀ tó ń dúró kí àgbàdo gbẹ ni? Ṣé tíṣà ni? Tẹ́lẹ̀, àwọn oní-kpáyò, tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó epo wá láti Nàìjíríà, wà níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èrè ìdí kpáyò kò rí bó ṣe rí mọ́. Ẹni tó wá ṣẹ́kù tó lè ra aṣọ igba obìnrin ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà ti dárúkọ rẹ̀ fún ara yín kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Ẹ gba aṣọ náà, àbí? N kò bá yín wí. Bí wọ́n ṣe ń ra ìdákẹ́jẹ́ ìlú náà nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ọwọ́ òfin kì í kan ẹni ńlá láé. Ní ọdún 2017 wọ́n ya wọ Adjégounlè, ojú ọjà oògùn tí kò bófin mu ní Kútọnu, wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ní òpin ọdún náà, inú ilé ẹnìkan tó jẹ́ aṣòfin ni wọ́n ti bá oògùn rẹpẹtẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 ilé ẹjọ́ fi àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pín oògùn fún àwa apòògùn sí ẹ̀wọ̀n. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Èmi náà kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọdún kan náà ni wọ́n dá CRIET sílẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́, ìpániláyà àti òwò oògùn olóró. Ẹ ó sì rí i pé idà náà lójú méjì. Sébastien Ajavon, oníṣòwò tó ṣe ipò kẹta nínú ìbò ààrẹ 2016, wọ́n mú un ní oṣù Kẹwàá ọdún náà nítorí kílò 18 kokéènì tí wọ́n bá nínú kọ́ńténà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ilé ẹjọ́ tú u sílẹ̀ pé ẹ̀rí kò dájú. Nígbà tó di 2018, tó ti di alátakò ìjọba, CRIET gbé ọ̀rọ̀ kan náà padà, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n 20 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó wà ní Faransé. Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Àrúṣà sọ ní 2019 pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, nítorí, lára ohun mìíràn, ẹni tí CRIET dá lẹ́bi kò ní ibi tó lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí. Láti 2020, ibẹ̀ ti wà. Ìyẹn kan ọmọ yín gan-an, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé páálí yẹn wá sí Àjàṣẹ́ dípò ilé ẹjọ́ Pobẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí 300,000. N kò ní í purọ́ fún yín pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí. Ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, pàápàá ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí PV, ìwé tí ọlọ́pàá kọ ẹjọ́ sí, bá ti kúrò ní kọmísáríà, tó dé ọwọ́ procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Kétu kò lágbára láti fà á ya. Ohun tó lè ṣe ni kó gba owó yín, kó dúró. Bí wọ́n bá tú ọmọ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí kò tó, yóò ní ìpè òun ni. Bí wọn kò bá tú u sílẹ̀, yóò ní owó náà ló kéré. Ó dà bí ẹni tó ní òun lè pe òjò, tó kọ́kọ́ yọjú wo ojú sánmà kó tó gba adìyẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ọdún 2011 lórí ìwà ìbàjẹ́ kò dá ẹni tó fúnni ní rìbá yàtọ̀ sí ẹni tó gbà á, ó sì ka títa orúkọ ọ̀gá sí ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lè ta ilẹ̀ kí ẹ sì bá ọmọ yín nínú ẹjọ́. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé fóònù tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún yín, fóònù tó ń dáàbò bo ẹni tó ni páálí náà ni. Ẹ̀yin ni yóò san owó káàdì rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá sì fi fóònù yọ ti di gbèsè wọn. Bí wọ́n bá ní kó gbé páálí kejì, ẹnu wo ni yóò fi kọ̀?

Bí mo bá wà ní ipò yín, díẹ̀ nínú owó yẹn ni n óò fi wá agbẹjọ́rò. Ó lè má tó, ó sì lè pẹ́, mo mọ̀. Òfin oògùn olóró ilẹ̀ wa, ti oṣù Keje ọdún 1997, ya ẹni tó ń lò ó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń tà á, ṣùgbọ́n odidi páálí kò ní í jẹ́ kí adájọ́ gbà pé fún ìlò ara rẹ̀ ni. Ibi tí ọmọ yín lè dúró sí ni pé wọ́n rán an. Kó má sọ pé òun kò mọ̀ rárá bó bá mọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni ẹni tó ń san 2,000 sẹ́fà nítorí àpò gàrí kan. Bóyá kó dárúkọ ẹni tó rán an, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń ṣe iyèméjì. Ó lè ràn án lọ́wọ́ níwájú adájọ́. Ó sì lè kó ìyọnu bá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn, tí ẹ jọ ń fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó sọ ọ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ní kọmísáríà lóru, kí ẹ̀yin fúnra yín má sì sọ ọ́ lọ́jà. Ẹni tó bá wá gba owó, ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò tíì rí i. Ẹ má bá a jà.

Bí ẹ bá ń lọ lọ́la, ẹ mú oúnjẹ fúyẹ́ àti omi púpọ̀ dání. Ẹ rọra bi ọmọ náà ní ohun mẹ́ta: hóró mélòó lójúmọ́, nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn káàdì, ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn. Yóò kọ́kọ́ ní òun kì í lò ó. Ẹ tún un bi í nígbà tí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé fún dókítà. Bí ó bá ti gan rí, kódà ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.